Ohun èlò ìdánrawò ijó àjọjó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: èyí tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà àti èyí tó lè dúró

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tó fẹ́ fi ọpọlọ ara wọn ṣẹ̀dá ijó oníṣẹ́jú mẹ́ta, kí wọ́n sì gbé e gorí ìtàgé, kò nílò ẹrù rẹpẹtẹ. Ohun èlò márùn-ún la yẹ̀ wò níbí: téèpù ilẹ̀, sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé fóònù dúró, Audacity tí wọ́n fi ń gé orin lórí kọ̀ǹpútà, sípíkà Bluetooth tó ṣeé gbé kiri, àti rọ́bà ijó tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ìbéèrè kan náà la bi gbogbo wọn: tí ẹgbẹ́ bá tú ká lónìí, ṣé nǹkan yìí á jẹ́ kí wọ́n bá iṣẹ́ wọn níbi tí wọ́n fi í sí nígbà tí wọ́n bá tún pàdé? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fọ́. Wọ́n á ṣẹ̀dá ohun tó dáa lọ́jọ́ Ajé. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ìdajì rẹ̀ ti sọnù, ìdajì tó kù sì ti yí padà lára kálukú, wọ́n á wá máa jiyàn lórí ta ló ṣe é tọ̀nà. Wákàtí kan á ti lọ kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Tá a bá fi ìyẹn díwọ̀n wọn, téèpù ló gba ipò kìíní, sítáǹdì tẹ̀ lé e, Audacity ṣe ìkẹta. Sípíkà, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kọ́kọ́ ná owó lé lórí, wà ní ipò kẹrin. Ní ti rọ́bà ijó, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń jó lórí rẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ nílò rẹ̀.

Téèpù ilẹ̀

Téèpù aláṣọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé ń lò máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 48 sí 50. Ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń ya á, kì í dán lójú iná, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í sì í sábà kù sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí i. Òun ló dáa fún ààlà ibi ijó àti fún títẹ wáyà mọ́lẹ̀. Téèpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníná mànàmáná ń lò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 19, ló dáa jù fún àmì ẹsẹ̀: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, oríṣiríṣi àwọ̀ ló ní, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà kì í sì í kọlù ú. Téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò kò ju ti ọjọ́ kan lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá wọ́ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ti fà á ya. Téèpù aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi ń dí páìpù àti èyí tí wọ́n fi ń lẹ páálí, ẹ má gbé wọn dé orí ilẹ̀ ijó rárá. Ti páìpù máa ń fi gọ́ọ̀mù tó ń gba ìdọ̀tí sílẹ̀, ti páálí sì ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tó bá ń làágùn.

Ẹ gbá ilẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Tí téèpù bá ń ṣí, eruku ló sábà máa ń fà á. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ pákó tí wọ́n kùn, ẹ kọ́kọ́ lẹ díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá ṣí i wò bóyá á bó ọ̀dà.

Ohun tó mú kí téèpù borí gbogbo èyí tó kù ni ìlà nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi í ṣe síwájú ibi ijó. Ẹ wọn iwájú ibi ijó, ẹ wá àárín rẹ̀ gan-an, ẹ lẹ àmì síbẹ̀, ẹ kọ 0 sí i. Láti ibẹ̀, ẹ máa lẹ àmì ní mítà kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún àti sápá òsì: 1, 2, 3, 4. Ibi tó fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ á gba àmì mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà dojú kọ àwọn tó ń jó, kó sì tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí i láì tẹrí ba. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi àwọ̀ mìíràn lẹ àmì ní mítà méjì-méjì láti iwájú lọ sẹ́yìn: ìlà A níwájú pátápátá, lẹ́yìn náà B, D, E. Ọ̀tún àti òsì ẹni tó ń jó ni kẹ́ ẹ lò nínú gbogbo ẹ̀, kì í ṣe ti òǹwòran, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò lórí ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ipò ẹnikẹ́ni ti di ohun tó ṣeé kọ sínú ìwé: “òsì 2, ìlà B”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn ò jẹ́ kó wá lè ka ipò rẹ̀, kó bọ́ síbẹ̀, kí iṣẹ́ máa lọ.

Ẹ wo ibi tí èyí ti ń gba ẹgbẹ́ là. Àwọn mẹ́jọ tò sórí ìlà D, wọ́n sì ní òǹkà mẹ́jọ, ìyẹn ìró mẹ́jọ tí wọ́n ń kà bá ìlù, láti di òbírí. Láìsí àmì, òbírí yẹn á máa sún síwájú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe, torí pé àwọn tó wà níwájú ń sá fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, kò sì sí ohun tó dá wọn dúró. Ẹ má lẹ àmì mẹ́jọ sílẹ̀ láti fi wò ó sàn. Ẹ lẹ àmì àgbélébùú kan sí àárín òbírí, kẹ́ ẹ wá lẹ mẹ́rin yí i ká, ní iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àárín ní mítà 1.5. Àwọn mẹ́rin á gba àmì, àwọn mẹ́rin tó kù á wọ àlàfo. Nǹkan bíi mítà 1.15 ló máa wà láàárín ẹnì kan sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n na apá méjèèjì, ẹ sún àmì náà sí mítà méjì. Àlàfo á di nǹkan bíi mítà 1.5, ìka ọwọ́ wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Ní ti gígùn, róòlù oníná kan tó gùn tó 20 mítà tó fún gbogbo iṣẹ́ yìí, á sì ṣẹ́ kù. Ìlà iwájú ò gbà ju mítà kan lọ tẹ́ ẹ bá gé àmì kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 10. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi ijó, tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, á gba mítà 2.4. Àmì ẹsẹ̀ fún èèyàn mẹ́jọ ní ìtò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á tún gba mítà 2.4. Ẹ ra àwọ̀ mẹ́ta, ẹ má ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó bá ti ní àwọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà máa ń da ojú rú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa wá àmì kiri dípò kí wọ́n máa wo ara wọn.

Àléébù tí téèpù ní gan-an nìyẹn: ó ń kọ́ èèyàn láti máa wolẹ̀. Ojú tó bá ti wolẹ̀, ọrùn á tẹ̀ lé e, òǹwòran ò sì ní rí ju àtàrí lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìtò kan bá ti mọ́ wọn lára, ẹ ṣí àmì ẹsẹ̀ ibẹ̀ kúrò, kí ó ku nọ́ńbà iwájú nìkan. Ẹ ṣe é ní kùtùkùtù, kó má di ọjọ́ tó ṣáájú eré.

Ọ̀ràn mìíràn máa ń yọjú tí wọ́n bá kó dé orí ìtàgé tó fẹ̀ ju yàrá ìdánrawò lọ. Olùkọ́ á ní kí wọ́n tẹ́ ara wọn kún ibẹ̀, ijó tó ti ń bá òǹkà mu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ẹsẹ̀ ló fà á. Ìgbésẹ̀ ẹni tó ń rìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 lọ, torí náà òǹkà mẹ́jọ á gbé e rìn tó mítà 5.6. Tẹ́ ẹ bá sọ ìrìn yẹn di mítà méje, àfi kẹ́ ẹ fún un ní òǹkà mẹ́wàá, tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ di sísá. Ó sàn kẹ́ ẹ lẹ nọ́ńbà mítà kọ̀ọ̀kan kan náà sí iwájú ìtàgé, kí ijó wà ní ìwọ̀n tó wà, kí àyè ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́. Òǹwòran ò ní ka àyè tó ṣẹ́ kù sí àléébù. Èèyàn mẹ́jọ tó ń pẹ́ lẹ́yìn orin ni wọ́n á rí.

Sítáǹdì fóònù

Kí wọ́n gbé fóònù dúró lára ìgò omi tàbí báàgì kò tó. Ìdánrawò àná àti tòní gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ojú kan náà kó tó ṣeé fi wéra, sítáǹdì tó ń dúró sórí àmì kan náà lórí ilẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Ẹ lẹ àmì mẹ́ta fún ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ gíga tẹ́ ẹ fi í sí sínú ìwé.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.5 ó kéré tán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìdè tó ń ha, kí àmúga fóònù sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ìdè yí mọ́, kì í ṣe èyí tí sípíríǹgì nìkan ń fún pọ̀. Sípíríǹgì máa ń dẹ̀, àgàgà tí fóònù bá wà nínú àpò rọ́bà. Kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ kọrọdọ, tí wọ́n ń wé mọ́ ẹ̀yìn àga, wúlò fún fọ́tò, kò wúlò fún èyí. Ẹ má fa òpó àárín sókè tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un: tí èèyàn mẹ́jọ bá fò lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ pákó á mì, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á sì gbé e dé ojú àwòrán. Báàgì tó wúwo díẹ̀ tẹ́ ẹ bá so kọ́ abẹ́ àárín rẹ̀ á mú kó dúró.

Ìjìnnà ṣe pàtàkì. Lẹ́ǹsì ńlá tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ fóònù, tẹ́ ẹ bá dábùú fóònù, á rí ibi tó fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ láti nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Nínú fídíò, fóònù máa ń gé etí àwòrán kúrò kó lè dín mímì kù, torí náà ẹ sún un sí mítà méje. Lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ 0.5 sí á rí gbogbo yàrá láti itòsí lóòótọ́, àmọ́ ó ń fa àwọn tó wà létí gùn, ó sì ń mú kí ẹni tó wà níwájú dà bí òmìrán, tí ẹni tó wà lẹ́yìn á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ò lè fi ojú yẹn pinnu bóyá ìtò ijó gún.

Fóònù tó ń ya fídíò àti èyí tó ń kọ orin kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ pa ìpè tì lórí èyí tó ń ya fídíò, torí ìpè tó bá wọlé lè dá yíyà dúró, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí ijó á fi parí. Ní ti àyè, ìṣẹ́jú kan fídíò 1080p tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń gba nǹkan bíi 60 sí 130 MB. Wákàtí méjì lè gba GB 15. Ẹ má ya gbogbo wákàtí méjèèjì. Ẹ ya òpin iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì pariwo orúkọ ẹ̀ níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: “Apá kejì, ẹ̀dà kẹta.” Láìsí ìyẹn, ẹ óò ní ogójì fídíò tí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn.

Ibi tí sítáǹdì ti ṣe gudugudu méje ni ìgbà ìṣẹ̀dá. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò láti inú ẹ̀kọ́ Rudolf Laban, onímọ̀ nípa ijó àti ìṣesí ara, ẹni tó gbé láyé láti ọdún 1879 sí 1958. Ó pín ìṣesí ara sí mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí agbára, ìyára àti ọ̀nà tí ara gbà: títì pẹ̀lú agbára, gbígbá ẹ̀ṣẹ́, lílọ́, jíjù apá fìrì, yíyọ̀ lọ, fífi ìka kàn, gbígbọ̀n dànù, àti léfòó. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní méjì tó takora, bíi lílọ́ àti fífi ìka kàn, ẹ ní kó fi jó fún ìṣẹ́jú méjì láìronú ìtò kankan. Ohun tó dáa jù máa ń jáde nígbà tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ní kó tún un ṣe, ohun tó rò pé òun ṣe ló máa ṣe, òmíràn pátápátá nìyẹn. Kámẹ́rà ti mú ojúlówó. Wọ́n á wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan, kálukú á mú òǹkà mẹ́jọ péré nínú tiẹ̀, á kọ́ ọ padà láti inú fídíò, á sì kọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Wíwò lẹ́ẹ̀kan la sọ, a ò ṣì í sọ. Ẹgbẹ́ tó bá jókòó yí fóònù ká fún ogún ìṣẹ́jú, ara wọn á ti tutù, iṣan á ti gan, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàríwísí irun orí wọn dípò ijó. Ẹ tún fi í sọ́kàn pé fídíò tẹ́ ẹ yà láti iwájú, ọ̀tún ẹni tó ń jó wà ní òsì ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó bá kọ́ ijó láti inú rẹ̀ bó ṣe rí á kọ́ ọ ní òdìkejì. Ẹ yí fídíò náà sódì bíi ti dígí kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò ló ní bọ́tìnì ẹ̀.

Audacity

Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà alágbára. Ohun mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ ijó nílò nínú rẹ̀, ó sì ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni Rhythm Track, tó wà lábẹ́ Generate. Ó ń ṣe ìró “kọ̀, kọ̀, kọ̀” ní ìyára tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ fi í sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ iye òǹkà inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan di 8, ẹ béèrè ọ̀wọ́ 38. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ló máa fún yín, ìró àkọ́kọ́ nínú mẹ́jọ-mẹ́jọ á sì dún yàtọ̀. Ẹ fi ìró yìí nìkan ṣe ìdánrawò àkọ́kọ́, láìsí orin. Orin máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ohun tó yẹ kó ṣe, ijó gbogbo wọn á wá jọra. Merce Cunningham tó ń ṣẹ̀dá ijó àti John Cage tó ń ṣẹ̀dá orin gbà á dé ògógóró: wọ́n ṣe ijó lọ́tọ̀, wọ́n ṣe orin lọ́tọ̀, orí ìtàgé ni méjèèjì ti pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ ò nílò kó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí ijó bá ti dúró lórí òǹkà, ẹ gbìyànjú orin mẹ́ta tó yàtọ̀ síra lé e, ẹ óò rí i pé ọ̀kan nínú wọn á ṣí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò gbèrò.

Òǹkà yìí náà ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n iṣẹ́ tẹ́ ẹ nílò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìyára 100 jẹ́ òǹkà 300. Tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ bá ṣe òǹkà mẹ́jọ-mẹ́jọ, òǹkà 64 nìyẹn, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 40. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀rù, tí wọ́n á wá máa ṣẹ̀dá ìgbésẹ̀ tuntun títí kò fi ní sẹ́ni tó rántí ọ̀kan. Òǹkà 64 yẹn tó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jó o pọ̀, ẹ jẹ́ kí ìdajì jó o láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ gbé e lọ sílẹ̀ lórí orúnkún, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣe é kí ẹlòmíràn dáhùn.

Ti ìjó tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, tí kálukú ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ṣáájú, ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ, àlàfo òǹkà mẹ́rin, ìgbésẹ̀ olóǹkà 16: ẹni tó kẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òǹkà 28, gbogbo rẹ̀ á sì parí ní òǹkà 44. Ìyẹn ju ìṣẹ́jú àáyá 26 lọ, ẹni àkọ́kọ́ á sì ti dúró gbagidi fún òǹkà 28 láìní iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sọ àlàfo di òǹkà méjì, á parí ní òǹkà 30. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ ni pé kálukú ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó gbéra. Ojú máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mú nǹkan, ìpẹ́ díẹ̀ yẹn á sì máa gorí ara wọn títí ẹni kẹjọ á fi pẹ́ tó òǹkà kan gbáko. Kí kálukú mọ nọ́ńbà òǹkà tí òun á gbéra, kó sì ka tiẹ̀ láti 1. Ìró Rhythm Track lábẹ́ orin á fi ẹni tó ń wo ọmọnìkejì hàn lójú ẹsẹ̀.

Ìkejì ni Change Tempo, tó ń dín ìyára orin kù láì sọ ohùn rẹ̀ di gbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ -20 sí i fún ìdánrawò àkọ́kọ́ pẹ̀lú orin, -10 fún èyí tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó wá lo ojúlówó. Tó bá ti lọ sílẹ̀ ju -30 lọ, ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi pé wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mejì, òǹkà á sì sọnù. Ẹ má ṣi èyí tó ń yí ìyára àti ohùn pa pọ̀ lò. Ìkẹta ni lílẹ àmì sára orin: ẹ tẹ Ctrl àti B níbi tí apá kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹta ò tún ní máa wá a kiri nígbà tí èèyàn mẹ́jọ ń dúró.

Ìkùnà rẹ̀ tó le jù ni pé fáìlì tó ń tọ́jú kì í ṣe orin. Fáìlì aup3 ò lè dún lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Àfi kẹ́ ẹ fi Export gbé e jáde sí MP3 tàbí WAV. A ti mọ ẹgbẹ́ tó gbé aup3 lọ fún ẹni tó ń bójú tó ìró lọ́jọ́ eré. Kò sì sí Audacity lórí fóònù. VLC, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin àti wo fídíò, lè dín ìyára orin kù lórí fóònù tẹ́ ẹ bá há, àmọ́ kò lè gé e.

Sípíkà Bluetooth

Ariwo tó lè pa lẹnu ọjà kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa wò. Ẹ wo bóyá ó ní ojú wáyà 3.5 mìlímítà. Bluetooth ń fi orin pẹ́. Pẹ̀lú SBC, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí Bluetooth ń gbà di orin kó tó fi ránṣẹ́, ó máa ń pẹ́ tó ìdá mẹ́wàá méjì ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá kàn tẹ orin tẹ́ ẹ sì jó, kò ní dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ tí olùkọ́ bá ń wo iná metronome, ìyẹn áàpù tó ń ka ìyára òǹkà, lójú fóònù tó sì ń pàtẹ́wọ́ bá a, ọwọ́ rẹ̀ á ṣáájú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́, wọ́n á sì máa yà sọ́tọ̀ láìmọ ìdí. Wáyà á pa ìṣòro yẹn rẹ́.

Fóònù tó ń kọ orin, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ sípíkà, kì í ṣe sínú àpò ẹni tó ń jó. Ara èèyàn máa ń mú agbára Bluetooth rọ, mítà mẹ́wàá tí wọ́n máa ń kọ sára páálí sì dá lórí àyè tó ṣófo. Ẹ gbé sípíkà náà sórí tábìlì. Tó bá wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló máa dí ohùn ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ inú orin, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì ní gbọ́ ju kùkùkù lọ.

Nǹkan kan tó ń bí èèyàn nínú: ọ̀pọ̀ sípíkà kéékèèké ló ń pa ara wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí orin ò bá dún. Ìdánrawò ìṣẹ̀dá sì kún fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n lè yọ ètò yẹn kúrò. Ẹ tún rántí pé sípíkà kékeré kì í gbé ìlù abẹ́ jáde, ti orí ìtàgé sì ń gbé e jáde gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ṣẹ́kẹ́rẹ́ inú orin ka òǹkà lè má gbọ́ ọ mọ́ lábẹ́ ìlù ńlá lọ́jọ́ eré. Kí wọ́n fi gbohùngbohùn etí gbọ́ orin náà tán kí wọ́n tó yan ohun tí wọ́n á máa kà.

Rọ́bà ijó

Ilẹ̀ síméǹtì tó ń ha ẹsẹ̀, tàbí táìlì tó ń yọ̀, ló ń mú kí ẹgbẹ́ ronú rẹ̀. Mítà 1.5 tàbí 2 ni fífẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́. Ẹ tú u sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó lè tẹ́ kẹ́ ẹ tó lẹ ẹ́, ẹ fi àlàfo mìlímítà kan tàbí méjì sáàárín ọ̀kan sí èkejì torí pé ooru ń mú kó fẹ̀, ẹ wá fi téèpù lẹ ojú àlàfo náà. Tẹ́ ẹ bá fún wọn pọ̀ mọ́ra, etí wọn á wú sókè tí yàrá bá gbóná, ibẹ̀ sì ni ìka ẹsẹ̀ máa kọ́. Ẹ má da páúdà tàbí ẹ̀tù oje igi sórí rẹ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ló ń fẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán tó ń làágùn sì ń dì mọ́ ọn, torí náà ẹ dánwò yíyí ara lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i nígbà púpọ̀.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ tó ni pé kì í ṣe tìmùtìmù. Mìlímítà kan tàbí méjì rọ́bà lórí síméǹtì ṣì jẹ́ síméǹtì fún egungun ojúgun. Ẹgbẹ́ tó bá ń jó lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dín fífò kù, yálà ó ní rọ́bà tàbí kò ní, kó sì wá agbára ijó rẹ̀ síbòmíràn: ìrìn, ìṣubú tó rọra, gbígbé ara lé ara. Ó tún wúwo, kìlógíráàmù 2 sí 3 fún mítà onígun mẹ́rin kan tó bá nípọn tó mìlímítà méjì, torí náà ti ibi ijó mítà mẹ́jọ sí mẹ́fà lè ju 100 kìlógíráàmù lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní ibi gbígbẹ tó lè ká a pamọ́ sí, kí wọ́n má rà á. Kí wọ́n fi owó náà ra ìbò orúnkún fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè wọ abẹ́ ṣòkòtò, kí wọ́n sì máa wọ̀ ọ́ láti ìdánrawò àkọ́kọ́ tó bá ti ní lílọ sílẹ̀ nínú.